Pírójẹ́ẹ̀tì Tí Zipporah Tà

Nígbà tí Zipporah Olúbọ̀dé fi máa wọ ọdún kẹrin ní yunifásítì, ó ti kọ pírójẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ó ti kọ ti àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó, ó ti kọ ti àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ó tilẹ̀ ti kọ ti bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó kàn fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí kó lè rí ìgbéga. Ọmọbìnrin náà mọ ìwé kọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jókòó ti ọ̀rọ̀ tó rí gbágungbàgun, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà á ti tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè oko àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́.

Iffe ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Ìjùmú. Michael, bàbá rẹ̀, jẹ́ bíríkìlà tí gbogbo agbègbè ń wá, kó tó di ọjọ́ tí àkàbà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìyàrá. Ìbàdí rẹ̀ fọ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn láti ìgbà náà, ẹni tó bá sì ń tẹ̀pá kò lè gun àkàbà mọ́. Bí gbogbo ẹrù ilé ṣe bọ́ sórí oko kajú ìyá rẹ̀ nìyẹn. Rhoda ni orúkọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n Ìyé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é, bí wọ́n ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wọn.

Kajú kì í so ní oṣù tí ilé ìwé ń gba owó. Nígbà tí pọ́tàlì ìforúkọsílẹ̀ bá ṣí, òdòdó ni kajú ṣì wà. Nígbà tí èso bá bọ́, tí àwọn oníkajú tó ń rà á bá gbé òṣùwọ̀n wọn dé abúlé, pọ́tàlì ti tì. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni Zipporah ti ń wá ohun tí yóò ṣe, lọ́dọọdún, láti ọdún kìíní.

Ọdún kìíní náà ló ti bá Fọlọ́runṣọ́ pàdé. Fọlọ́runṣọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbà níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n sì ń di ìwé pọ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹ̀rín ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba Zipporah síbẹ̀ pé kó máa bá òun tẹ̀wé lẹ́yìn kíláàsì. Kò tó oṣù méjì tó fi pè é wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

"Ta ló tún èyí ṣe?"

Zipporah rò pé òun ti ṣẹ̀. "Èmi ni, ọ̀gá. Ohun tí wọ́n kọ kò ní ìtumọ̀ ni mo ṣe tún un ṣe."

Fọlọ́runṣọ́ wò ó títí. "Àbúrò," ó ní, "ìwọ kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa tẹ̀wé."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti yí padà. Fọlọ́runṣọ́ ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Fọlọ́runṣọ́ ló ń gba owó, ìdajì ló sì ń fún un. Ohun kan ṣoṣo tó fi dè é ni pé ojú rẹ̀ àti ti oníbàárà kò gbọ́dọ̀ pàdé. Ìyẹn tẹ́ Zipporah lọ́rùn. Ẹni tí kò rí ojú ẹni tó ń ra iṣẹ́ rẹ̀, ó lè máa sọ fún ara rẹ̀ pé títẹ̀ ni òun kàn ń tẹ̀wé.

Ẹnì kan péré ló kọ fún láìgba kọ́bọ̀, Bíọ́lá sì ni. Bíọ́lá, ọmọ Ìsánlú, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà. Ọ̀rọ̀ ìwé wúwo fún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ là. Ọdún méjì gbáko ló fi dá san owó yàrá, kò jẹ́ kí Zipporah gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí ó bá se ìrẹsì, abọ́ méjì ni yóò gbé kalẹ̀. Nígbà tí pírójẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ há, tó ń sunkún lórí ibùsùn, Zipporah gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bíọ́lá dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

"Gbogbo ayé lo ń bá kọ tiwọn," ó ní. "Tìẹ ńkọ́? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ o."

Ṣùgbọ́n tirẹ̀ wà nílẹ̀. Òun nìkan ni ohun tí Zipporah ń ṣe tí kò ti ọwọ́ Fọlọ́runṣọ́ wá. Báyọ́lọ́jì ló ń kọ́, ohun tó sì yàn láti wádìí ni bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́. Ìyé a máa sá èèpo ọsàn títí yóò fi gbẹ ganrangan, a gún un pọ̀ mọ́ ata ìjọ̀sì, a sì pò ó mọ́ eérú díẹ̀ kó tó dà á sínú ẹ̀wà. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìwé àti gègé.

"Ọmọ mi, ṣé ohun tí wọ́n rán ẹ lọ kọ́ ní yunifásítì nìyí?" Ìyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó gbọin-in, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ létòlétò.

Zipporah to ọgbọ̀n ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá wọn ní Kàbà, ẹ̀wà nínú gbogbo wọn, kòkòrò nínú gbogbo wọn, oògùn Ìyé nínú àwọn kan, tí kò sí nínú àwọn yòókù. Oṣù mẹ́rin ló fi ń ka kòkòrò. Bíọ́lá ní òun yóò kó jáde nílé fún àwọn ìgò wọ̀nyí. Dókítà Ọmọ́níyì, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù nítorí kì í yin ènìyàn, wá wo àwọn ìgò náà fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. "Èyí dára," ó ní. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn gbé Zipporah fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọdún tó parí, ó ti kọ orí márààrún tán, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ọ̀ràn dé. Wọ́n fi kún owó ilé ìwé. Zipporah ti gbìyànjú láti gba ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò bá ti ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ mu, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fẹ́ owó àti ìrìn àjò. Ọjọ́ Ẹtì ni pọ́tàlì máa tì. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò ní jókòó fún ìdánwò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà kí owó rẹ̀ tó pé. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì kí i bí wọ́n ti ń kíra lọ́dọ̀ wọn.

"Ìyé, okun o."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyé." Kò tíì jẹun. "Báwo ni oko?"

"Ọyẹ́ yìí pọ̀ jù. Òdòdó ń gbọn dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá nílò owó, sọ ọ́ o. Ọkùnrin oníkajú yẹn ní òun lè san owó sílẹ̀ fún wa."

Zipporah mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí oníkajú bá san owó nígbà tí kajú ṣì wà ní òdòdó, ìdajì iye rẹ̀ ni yóò san, gbogbo oko yóò sì di tirẹ̀ títí ìkórè yóò fi parí. Ọbalolúwa, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, náà ní owó ìdánwò tó fẹ́ san lọ́dún náà. Oògùn ara ríro bàbá wọn kò sì lè dúró.

"Rárá, Ìyé. Ẹ má gba owó rẹ̀. Mo ti ń rí i ṣe."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Lọ́jọ́ kejì, bí ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Fọlọ́runṣọ́ ti ń retí rẹ̀. Ó fa àga fún un.

"Iṣẹ́ kan wà," ó ní. "Báyọ́lọ́jì ni. Ṣùgbọ́n kò sí àyè pé à ń jókòó kọ ọ́. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á, odindi."

"Ọ̀gá, ta ló lè kọ pírójẹ́ẹ̀tì báyọ́lọ́jì láàárín ọjọ́ kan?"

"Kò sí." Ó rẹ́rìn-ín. "Àfi ẹni tó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Zipporah kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó yé e, ó dìde.

"Jókòó ná," Fọlọ́runṣọ́ sọ jẹ́jẹ́. "Destiny ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ilé ìwé rẹ̀ jìnnà síbí, kò tilẹ̀ sí ní ìpínlẹ̀ yìí. Agbaṣẹ́ṣe ni bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ni màá fún ọ, mi ò ní yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ta ní máa gbé ìwé tìẹ àti tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láyé? Tìẹ ṣì jẹ́ tìẹ. O lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà díẹ̀ kó o tó fà á lé olùkọ́ rẹ lọ́wọ́. Àbí o fẹ́ kí pọ́tàlì tì mọ́ ọ?"

Ó lọ sílé. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo àwọn ìgò. Bíọ́lá kò sí nílé. Ó ka owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé yóò ti pọ̀ sí i. Ó ronú kan ìjọ wọn ní Iffe, ó ronú kan ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó ti yá wọn lówó lẹ́ẹ̀mejì, ibi gbogbo tó rò dé ni ó ti dé rí. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́bọ̀, ó gbé fíláàṣì kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí aago mẹ́ta tó lù, owó ti wọlé. Aago mẹ́rin, ó ti forúkọ sílẹ̀. Ó jáde síta, ó ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, kò sì mọ adùn rẹ̀.

Ó fẹ́ yí iṣẹ́ náà padà lóòótọ́. Ó fẹ́ ṣe àdánwò tuntun pẹ̀lú àgbàdo dípò ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àdánwò tuntun máa gba oṣù mẹ́rin, ìdánwò inú kíláàsì ń bọ̀ léra wọn, Fọlọ́runṣọ́ sì kó pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mìíràn fún un, nítorí owó tó kù lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ kò tó jẹun dé Ọjọ́ Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Dókítà Ọmọ́níyì ní òun ń retí iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó wà lórí fíláàṣì náà ló tẹ̀ jáde. Ó yí àkọlé padà díẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ilé ìwé Destiny jìnnà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Dókítà Ọmọ́níyì ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ìwé méjì wà lórí tábìlì. Obìnrin náà kò sọ pé kó jókòó.

"A ní ẹ̀rọ kan báyìí tó ń yẹ iṣẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wò, bóyá ó ti wà níbòmíràn," ó ní. "Ó ní ìdá mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ rẹ ti wà nínú ti ẹlòmíràn. Ẹni náà sì ti fa tirẹ̀ lé ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ní oṣù kẹta. Ní ti òfin, ìwọ lo jí i wò."

Ó ti ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì sọ́dọ̀ Zipporah.

"Ka ojú ewé kẹtàlélógún fún mi. Ti ẹni yẹn ni kó o kà."

Ó mú ìwé náà. Ó kà á: "Arábìnrin Rhoda Olúbọ̀dé, àgbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ní Iffe, sọ fún olùṣèwádìí pé láti ọwọ́ ìyá ọkọ òun ni òun ti kọ́ ọ..." Kò lè kà á síwájú mọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni Destiny tún ṣe. Ó ti fi ìyá Zipporah sílẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe bá a.

"Ta ni Rhoda Olúbọ̀dé?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Mo mọ̀." Dókítà Ọmọ́níyì bọ́ dígí ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Zipporah, mo rí àwọn ìgò rẹ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Bí ẹnì kan bá jí i lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ fún mi, sọ orúkọ ẹni náà, màá sì dúró tì ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Ta ló jí i?"

Ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ báyìí, gbòòrò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ fún mi títí di ọ̀la."

Obìnrin náà wò ó, rírọ̀ tó wà lójú rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. "Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀," ó ní, "kì í sọ pé kí wọ́n fún òun di ọ̀la."

Ṣọ́ọ̀bù Fọlọ́runṣọ́ ló gbà lọ. Oníbàárà méjì ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ó dúró títí wọ́n fi lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ kò bínú. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ń fi àtàǹpàkò wá nǹkan.

"Lọ sọ fún wọn pé mo jí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́bọ̀ yẹn. 'Ọ̀gá, mo ti mú fíláàṣì bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí owó wọlé kó tó di aago mẹ́ta.' Ṣé olè ni wọ́n ń kọ irú èyí sí?"

Ó yí fóònù náà sí Zipporah kó lè rí i fúnra rẹ̀.

"Gbogbo àwọn tí o kọ fún ló wà níbí, àbúrò. Mi ò pa ohunkóhun rẹ́. Àwọn kan ti jáde, àwọn kan ṣì wà nínú ilé ìwé." Ó gbójú sókè. "Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Ṣé kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà yìí lo ti tẹ tirẹ̀ ni? Bí ìgbìmọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò lè dá ru ẹrù. Gbogbo wa la jọ máa rù ú."

Kò lérí, kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ iye tí fọ́tòkọ́pì ń lọ fún oníbàárà ló ṣe sọ ọ́.

Bíọ́lá ń ká aṣọ nígbà tó délé. Ó ti parí gbogbo ìdánwò rẹ̀, ó ń dúró de ìwé ìpè láti lọ sìnrú ìlú. Zipporah sọ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ Bíọ́lá bọ́ sílẹ̀.

"O ò ní dárúkọ mi," ó ní.

"Kì í ṣe èmi ni yóò dárúkọ rẹ. Fọlọ́runṣọ́ ni. Bí mo bá sọ pé ó jí i."

"Nígbà náà, má sọ bẹ́ẹ̀! Zipporah, mo bẹ̀ ọ́. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo Ìsánlú. Wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi." Ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọdún méjì ni mo fi san owó yàrá yìí. Ṣé mo bi ọ́ léèrè rí?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ̀ pé ó ti jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bẹ Zipporah pé kó dárí ji òun, Zipporah sì ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ó mọ̀ pé abọ́ ìrẹsì wọ̀nyẹn náà ti di gbèsè.

Bí ó ṣe wà láàárín wọn nìyí o. Bí ó bá dákẹ́, olè ni, wọ́n á lé e. Bí ó bá sọ pé wọ́n jí i lóun lọ́wọ́, irọ́ ni, irọ́ náà yóò sì fa Bíọ́lá lulẹ̀. Bí ó bá sọ òtítọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ti ta ohun tí kò yẹ ní títà. Ibikíbi tó bá fi orí sọ, ògiri ni. Ọjọ́ méjì ni kò fi lè jẹun, tó ń rìn láti yàrá dé ilé ìkàwé, láti ilé ìkàwé dé yàrá, bí ẹran tí wọ́n so mọ́ igi. Ó gbé fóònù láti pe ìyá rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Kí ni yóò sọ? Pé òun ta Ìyé mọ́ ìwé?

Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, ènìyàn márùn-ún ló jókòó níwájú rẹ̀, Dókítà Ọmọ́níyì sì wà ní ìpẹ̀kun lápá òsì. Wọ́n bi í bóyá ó jí iṣẹ́ náà.

"Rárá, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo ni ín. Mo tà á ni. Mi ò ní owó ìforúkọsílẹ̀."

Ọkùnrin tó jókòó láàárín kọ nǹkan sílẹ̀. "Ta ni alárinà?"

"Èmi ni mo tà á, sà."

"Ṣé o ti kọ irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo ti kọ, sà."

"Ta ni wọ́n?"

Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní bí ó bá sọ orúkọ wọn, ìyà rẹ̀ yóò fúyẹ́. Dókítà Ọmọ́níyì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì le.

"Àánú wọn ń ṣe ọ́, àbí? Àwọn tí yóò di olùkọ́, tí yóò máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí wọn kò mọ̀. Ṣé o ro ti àwọn ọmọ náà?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí òtítọ́ ni. Ó sunkún níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò lè sọ bóyá inú rere ló jẹ́ tàbí ẹ̀rù. Títí di òní, kò tíì lè sọ ọ́.

Wọ́n fagi lé pírójẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún odindi ọdún kan, kó padà wá tún ọdún kẹrin ṣe, pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí tuntun àti owó tuntun. Wọ́n kọ̀wé sí ilé ìwé Destiny. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, Zipporah kò gbọ́.

Ìyé ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Iffe pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Zipporah kúnlẹ̀, kò sì dìde. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ láti inú ilé, ó fi ọ̀pá jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wọlé.

Ìyé fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Orúkọ mi wà nínú ìwé ọmọ náà?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyé."

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa?"

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

Ìyé mi orí. "Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún," ó ní. "Mi ò sọ ọ́ fún un." Ìgbà yẹn ni Zipporah ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tòun nìkan ni òun tà. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ fà á dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "O yẹ kó o jẹ́ kí n gba owó oníkajú yẹn. O ní o ti ń rí i ṣe."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ ta oko, Ìyé."

"Oko á tún so," ni Ìyé wí, ó sì padà sídìí ilá rẹ̀.

Ọdún náà gùn. Zipporah ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan fún owó tí kò tó nǹkan, ó sì ń tọ́jú ohun tó bá lè tọ́jú níbẹ̀. Bíọ́lá fi àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ agùnbánirọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mi ò ní gbàgbé rẹ láéláé." Zipporah kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn. Ó kọ "Okun o," ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà sí Kàbà, àwọn tó jẹ́ àbúrò fún un tẹ́lẹ̀ ló bá jókòó ní kíláàsì. Yàrá tó ń gbé kò ní fèrèsé tó ṣe é ṣí. Dókítà Ọmọ́níyì gbà láti tún bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ó fún un ní àkọlé tuntun lórí ewé gbágùúdá tó ń ṣàìsàn, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń fún un. Àbọ̀ owó ilé ìwé ló rí san. Àbọ̀ tó kù ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà kò sì jìnnà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé.

"Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí pírójẹ́ẹ̀tì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án nílẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ojú ọmọ náà pọ́n, ó jọ pé kò sùn. Ó fi àpò rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò ṣe é mọ́," Zipporah sọ. "Lọ bá olùkọ́ rẹ. Lọ sọ fún un pé kò yé ọ."

"Mo ti lọ. Ó ní àkókò ti lọ." Moyọ̀sọ́rẹ ya bébà kékeré kan, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ó fi sí i lọ́wọ́. "Bí ọkàn yín bá yí padà, ẹ̀gbọ́n." Ó yípo, ó ń sáré lọ.

Zipporah dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Kò ya á. Ó ká a sí méjì, ó fi í sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ sí kíláàsì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó débẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló ti rí àyè jókòó.